Akọni Tó Padà sí Iyaro

Inú gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iyaro, nílùú Benin, ni Jayéọlá ti kọ́kọ́ rí Ọláfúnkẹ́ lọ́dún 1978. Tíṣà ni Jayéọlá. Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní eré orí ìtàgé.

“Ọ̀nà kan náà ni gbogbo ìtàn akọni ń gbà,” ó wí fún wọn. “Akọni á filé sílẹ̀, ojú rẹ̀ á rí màbo, á ṣẹ́gun, á sì mú ohun iyì bọ̀ wálé.”

Ọláfúnkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, nawọ́ sókè. “Tíṣà, àwọn tó fi sílé ńkọ́?”

“Wọ́n ń retí rẹ̀ ni.”

“Ṣé wọn ò níṣẹ́ mìíràn ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ni ìfẹ́ gbà wọlé. Kí ọdún tó yí po, Jayéọlá ti ń pè é ní àdùkẹ́ òun, àwọn òbí wọn sì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n ara Jayéọlá kò balẹ̀. Bó bá rí ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà jíjìn, ọkàn rẹ̀ á máa fà sí i. Ọkùnrin tí kò kúrò nílé rí, ìtàn wo ló ní?

“Fúnkẹ́ mi, mo ti ríṣẹ́ sí Maiduguri. Dúró dè mí. Ìgbà tí mo bá fi máa dé, màá ti di èèyàn.”

“Kí lo wá jẹ́ báyìí?” Omi ti lé ròrò sójú Ọláfúnkẹ́.

Jayéọlá gbé ẹrù rẹ̀. Ó lọ.

Ní Maiduguri, oòrùn pa á, ibà gbé e ṣánlẹ̀, ó dìde, wọ́n sì fi í ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Àfi bí ìtàn tó máa ń sọ. Lọ́dún kẹta, ó padà dé, ó ra aṣọ olówó ńlá lọ́wọ́, ó kọrí sílé àwọn Ọláfúnkẹ́ tààrà.

Ìyá Ọláfúnkẹ́ ló bá nílé. “Fúnkẹ́ ti kó lọ sí Ikpoba Hill, nínú Benin níbí,” ìyá wí. “Rọpárọsẹ̀ mú bàbá ẹ̀. Òun ló tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú.”

“Háà! Mi ò gbọ́, mà.”

“Báwo lo ṣe máa gbọ́? Họlidé wá, họlidé lọ, o ò bojú wẹ̀yìn.”

Ní Ikpoba Hill, Ọláfúnkẹ́ ṣílẹ̀kùn. “Ẹ káàbọ̀, sà.”

“Ẹ” yẹn gún Jayéọlá lọ́kàn, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní “ìwọ”. Ó sáré tú aṣọ tó rà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn oòrùn àti ibà. Ọláfúnkẹ́ dá a dúró.

“Èmi náà rìnrìn-àjò o, láìkúrò nílùú yìí. Mo jókòó ti bàbá mi títí ẹ̀mí fi bọ́. Àwọn ẹbí fẹ́ lé màmá mi jáde nílé, èmi nìkan ni mo kojú wọn. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.”

Ìtìjú bo Jayéọlá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Jọ̀ọ́, sọ fún mi.”

Ọláfúnkẹ́ sọ ọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Ìròyìn Maiduguri ń yún Jayéọlá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń gbé e mì. Nígbà tí Ọláfúnkẹ́ dé orí ìsìnkú, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Jayéọlá na ọwọ́ sí i. Ọláfúnkẹ́ kò di ọwọ́ náà mú, kò sì tì í dànù.

“Ṣé o ṣì fẹ́ mi?” Jayéọlá bi í.

“Mi ò tí ì mọ̀.” Ó nujú. “Màmá mi ń bọ̀ lọ́la. Wá bá wa jẹun.”

Jayéọlá ò fojú kan oorun títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọn ò tíì dáná lọ́jọ́ kejì tó ti ń kanlẹ̀kùn.