Ọpẹ́ Èrè Tí Kò Tíì Dé

Ìkìlọ̀ ni àbúrò aránṣọ gbé wá láàárọ̀ Sátidé yẹn, àmọ́ ó ti fi ọjọ́ kan pẹ́. Kò tíì bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún Bàbá Bárákà lówó o. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lémọ́ọ̀mù dìde kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní òwò tí ọkùnrin yẹn ń pè ní halálì, ẹ̀tàn gbáà ni. Àwọn tó kọ́kọ́ fún un lówó lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, àgádágodo ni wọ́n bá lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Aránṣọ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Abẹ́ fèrèsé ló ń wò, níbi tí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ti máa ń wà. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ló kù níbẹ̀, àti òwú funfun kan tó há sí ara ògiri. Lánàá tó lọ gbé aṣọ ìyàwó fún oníbàárà ni ọkọ rẹ̀ pe ẹni tó rà á, wọ́n sì gbé e lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, owó rẹ̀ ti dé ọwọ́ Bàbá Bárákà, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà. Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun tí kì í pe bárákà, ìyẹn ìbùkún, lé lórí.

Ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, jókòó sídìí tábìlì, ó ń ro tíì tó ti tutù.

"Ẹ má kó ariwo lé mi lórí," ló sọ. "Ọmọ ìyá mi ni. Iye pàtó ló ní òun máa máa san lóṣooṣù, kò sì sí àdánù níbẹ̀."

"Ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń jó, bọ̀dá," àbúrò ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Òwò wo ni kì í bá àdánù pàdé? Lémọ́ọ̀mù ní bí mo bá kówó fún yín pé kí ẹ fi bá mi ṣòwò, tí èrè bá wọlé, a jọ máa pín in bí a ṣe ṣàdéhùn. Tí òwò bá forí ṣánpọ́n láìjẹ́ pé ẹ ṣe màgòmágó, owó mi lọ, làálàá yín náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òjò rọ̀ o, ọ̀dá dá o, iye báyìí máa wọlé, èlé tí ẹ̀sìn kọ̀ fún wa ló ń gbé fún yín jẹ. Kò sí bó ṣe lè fi tẹ̀sùbáà bò ó tó."

"Ó ṣáà búra."

"Èwo nínú àwọn gbájú-ẹ̀ ni kì í búra?"

Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá la ẹnu. "Bàbá àwọn ọmọ, máṣíìnì ta ni ẹ tà?"

"Tiwa ni."

"Ta ni?"

Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro tíì rẹ̀.

"Kí n tó wọlé yín ni mo ti fi owó iṣẹ́ mi rà á," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ̀sìn tí ẹ ń gbé sẹ́nu yìí náà ló sọ pé ohun ìní ìyàwó, ti ìyàwó ni. Ẹ ò bi mí."

"Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu. Ẹ kú iṣẹ́."

Ohun tó ń dun aránṣọ jù ni búrẹ́dì. Lánàá, ọkọ rẹ̀ ra búrẹ́dì rẹpẹtẹ, ó fi ṣe sàráà yí àdúgbò ká láti dúpẹ́ èrè tó ń bọ̀. Ọkùnrin tí kò dúpẹ́ rí lórí máṣíìnì tó ń bọ́ ilé, tó máa ń kùn pé "kín-ún kín-ún tí aránṣọ ń mú wálé yìí, ta ló ń sọ di olówó," ló wá dúpẹ́ tayọ̀tayọ̀ lórí èrè tí kò tíì fojú rí. Aránṣọ náà gba tirẹ̀ nínú búrẹ́dì yẹn lójú ọ̀nà kó tó wọlé, ó jẹ ẹ́, kò mọ̀ pé máṣíìnì òun lòun ń jẹ.

Lọ́sàn-án, àbúrò aránṣọ ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá Bárákà fúnra rẹ̀ wọlé, òórùn lọ́fíńdà ti ṣíwájú rẹ̀ dé. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé inú ń bí ẹ. Sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà."

"Owó mi dà, bọ̀dá?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ náà gbọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣebí o ní àwọn ọmọ iṣẹ́? Àwọn ìyá wọn gbà ẹ́ gbọ́. Mú méjì péré wá nínú wọn. Bí tiwọn bá wọlé láàárọ̀, nírọ̀lẹ́ ni wàá gba tìrẹ pé. Wàá ra máṣíìnì tuntun."

Ọkọ rẹ̀ gbé ojú sókè, ìrètí ti yọ lójú rẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ṣá ni."

Nígbà náà ló yé aránṣọ yékéyéké pé kò sí òwò kankan níbẹ̀ rí. Owó ẹni tó dé lónìí ni wọ́n fi ń pa ẹnu ẹni tó dé lánàá mọ́. Ojú méjì nínú ìyá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ọ̀kan opó, èkejì alágbàfọ̀ tí ọṣẹ ti bó ní ọwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sùúrù dí yín lẹ́nu. Sùúrù ni kí èèyàn fara mọ́ èrè kékeré tó mọ́, kó máa tọ́jú rẹ̀ títí á fi dàgbà. Kì í ṣe kó panu mọ́ fún olè. Ọpẹ́ náà kò pin sórí ahọ́n: ẹ ṣọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń tà, ibi tí wọ́n ti ń tà á, àti ẹni tí àdánù máa bá. Bí wọ́n bá ní àdánù kò sí, ẹ dìde, ẹ máa lọ, kódà bó jẹ́ ọmọ ìyá yín ló ń sọ ọ́.

Aránṣọ dìde. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó dojú kọ Bàbá Bárákà.

"Bọ̀dá, mi ò ní mú ẹnikẹ́ni wá fún yín, bí mo bá tiẹ̀ máa fi ọwọ́ lásán ránṣọ. Àgọ́ ọlọ́pàá ni èmi àti àbúrò mi ń lọ báyìí, orúkọ yín sì ni màá dá fún wọn."