Adúpẹ́ Tí Kò Dénú

Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà kò dúró. Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń gbá ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ń fọ́n sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì kan lódìkejì wo ẹsẹ̀ yẹn, ó wo ojú ọmọ, ó sì padà sídìí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kí ni ilẹ̀ yẹn ṣe fún ọ, ìyá mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún gbé e. Kò tíì lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tán tó tún fi fẹ́ rìn. Ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó máa lọ, àmọ́ kò sọ ibi tó yẹ kó lọ.

Oníbàárà kan wọlé, obìnrin kan tó máa ń kó aṣọ ibùsùn ilé ìtura wá fún fífọ̀. "Ìyá Àgbà, ara ń kọ́?"

Kíá, orúnkún ọmọbìnrin náà ti kan ilẹ̀. "A dúpẹ́, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ń kọ́?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Àgbà nìyẹn. Láti kékeré ló ti mọ èèyàn kí bí ẹni tó ti bí ọmọ mẹ́jọ. Kò sí bí nǹkan ṣe lè rí fún un, tí o bá ti kí i, "a dúpẹ́" ni wàá gbà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, máa ń fi yangàn pé ọmọ òun kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Ó dára kí èèyàn mọ̀ ọ́n kí, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó dára náà ní ibi tí kì í wúlò.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ara ọmọ yìí kò yá, kò sì tíì yá láti ìgbà pípẹ́. Ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò àṣejáde ń sún mọ́lé. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní lè dìde. Oúnjẹ di ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ. Á ṣí ìwé, á ka ojú ìwé kan ní àkàtúnkà, kò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ tó ń dàgbà ni, yóò kọjá lọ. Olùkọ́ kan ní ilé ìwé ló kíyè sí i pé ọmọ tó máa ń nawọ́ kí ìbéèrè tó parí kò nawọ́ mọ́. Òun ló ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, tó ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó rí wọn, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, fi ara balẹ̀ gbọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ìsoríkọ́ la ń pè é. Àìsàn ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìwà." Ó kọ oògùn oníhóró fún un. "Èyí kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí téèyàn ń lò láàárọ̀ tó ń jẹ́ lọ́sàn-án. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó tó jẹ́, ó lè mú kí inú máa rìn ọ́, ó lè lé oorun, ó lè má jẹ́ kí ara rẹ balẹ̀. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù, tàbí tí ọkàn rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ikú, sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an. Má sì dá a dúró fúnra rẹ."

Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ gba nọ́ńbà fóònù bàbá, ó ní òun á máa pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wọn ò tíì jáde tán ní gééètì ilé ìwòsàn tí bàbá fi rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ni kó o pè é. Ẹnu ayé ò ṣeé dí."

Bó ṣe di oògùn ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, pé awọ ara rẹ̀ ti ń dán, nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ń rù lójú wọn.

Oògùn náà kò tíì jẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ mú wá ni àìbalẹ̀ ara yìí. Ó jókòó, ó fẹ́ dìde. Ó dìde, ó fẹ́ jókòó. Bó bá dùbúlẹ̀, á dà bíi pé ohun kan ń rìn nínú egungun rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sì pè, bàbá na fóònù sí i, ó dúró tì í.

"Báwo ni ara?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ṣé oògùn náà ń bá ọ lára mu?"

"A dúpẹ́, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ bá wa kí dókítà."

Nọ́ọ̀sì ní ó dáa. Bàbá rẹ̀ mi orí, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ náà dáhùn dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, lẹ́yìn tí obìnrin ilé ìtura lọ, kóòtù dúdú agbẹjọ́rò kan ló kàn lórí tábìlì. Bàbá ti kọ́ ọ pé kóòtù kì í fara kan iná gbígbóná, pé kí ó tẹ́ aṣọ tútù lé e kó tó lọ̀ ọ́. Ó tẹ́ aṣọ tútù náà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ẹsẹ̀ tún pè é, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wo títì, ó ka ọkọ̀ tó ń kọjá, ó ń wá ibi tí òun lè gbé ara òun sí. Òórùn ló pè é padà. Iná ti mú ìgbáàyà kóòtù náà, ó ti yọ ojú áyọ́ọ̀nù síbẹ̀ kedere.

Bàbá rẹ̀ kò pariwo. Ó gbé kóòtù náà wò lójú oòrùn, ó ká a, ó sì sọ pé, "Lọ sinmi." Ká ní ó gbá a létí ni, kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ní ilé ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó ń wá gègé nínú báàgì Ìyá Àgbà, ló bá fa oògùn jáde. Ó ka orúkọ ara páálí náà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ń lo èyí?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ mi ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kọ́. Àǹtí wa kan lo irú ẹ̀. Títí dòní, tí wọ́n bá ń pín nǹkan nílé wa, wọ́n á ní kí wọ́n má fún un, pé orí ẹ̀ ò pé." Ó tì í padà sínú báàgì kíákíá. "Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, màá jù ú nù kí ìdánwò tó dé."

Ọ̀rẹ́ náà kò ní in lọ́kàn láti ṣe é níkà. Ohun tó gbọ́ nílé ló ń sọ. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà ṣe délé, ó da gbogbo hóró oògùn náà sínú omi ọṣẹ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ dà nù, ó dúró tì í títí omi náà fi wọ gọ́tà lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti parí. Òun á lè jókòó, òun á kàwé, òun á ṣe ìdánwò bí ọmọ èèyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé ó jàre. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, tí ìwúwo ọkàn àtijọ́ sì padà, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ìdánwò àṣedánwò, èyí tí wọ́n fi ń gbáradì fún àṣejáde, ó jókòó sí gbọ̀ngàn, ó kọ orúkọ rẹ̀, kò rí ohun mìíràn kọ. Gègé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dún lórí ìwé. Ó dìde, ó fi ìwé sílẹ̀, ó jáde. Olùkọ́ pè é, kò wẹ̀yìn.

Ó rìn. Ó gba títì kan dé òpin, ó ṣẹ́rí padà, ó gba òmíràn. Ó rò ó pé òun ti ba kóòtù jẹ́, òun ti ba ìdánwò jẹ́, òun ti ń ba ilé bàbá òun jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá sùn tí òun kò jí mọ́, ara gbogbo wọn á fúyẹ́. Èrò náà bà á lẹ́rù, nítorí kò pariwo, ó kàn rọra wọlé bí ẹni tó mọ ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù yẹn ló gbé e délé.

Ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ ibùsùn ilé ìtura lẹ́yìn ilé. Bàbá jáde sí i pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Ṣé ìdánwò ti parí ni? Nọ́ọ̀sì yín nìyí."

Ó gbà á, ó rìn wọ àárín àwọn aṣọ funfun tó ń kán omi.

"Báwo ni ara?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"A dúpẹ́, mà." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí ó tó mọ̀.

Nọ́ọ̀sì kò sọ pé ó dáa. "Ìyá Àgbà, mi ò kí ọ. Mo bi ọ́ ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin náà mọ̀ ọ́n sọ, ti ìkíni ni.

"Jẹ́ ká tún un ṣe," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹnu la fi ń kọ mé jẹ. Báwo ni ara rẹ?"

"Ara mi ò yá, mà." Ohùn rẹ̀ já. "Kò yá rárá. Ẹsẹ̀ mi ò dúró. Mo ti da oògùn nù. Mo jáde kúrò nínú ìdánwò. Mo ń rò ó pé tí mo bá sùn, kí n má jí mọ́."

Nígbà náà ló rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ibùsùn, nínú sálúbàtà rẹ̀, ní òdìkejì gan-an. Ẹsẹ̀ náà kò yẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà ju bó ṣe bà á rí lọ, nítorí ohun tí bàbá ní kó fi pamọ́ fún gbogbo ayé, ó ti sọ ọ́ síta gbangba.

Bàbá gbé aṣọ náà sókè, ó tọ̀ ọ́ wá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìwọ la bí," ó wí. "A ò bí ìdánwò. A ò bí ẹnu ayé. Ìwọ nìkan la bí." Ó gbá a mọ́ra pẹ̀lú fóònù àti gbogbo rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì wà lórí ìlà tó ń gbọ́ ẹkún àwọn méjèèjì. "Èmi ni mo ní kó o purọ́. Má bínú sí mi, ìyá mi."

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá, kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọṣẹ ní ìgúnpá, kò tilẹ̀ rántí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà kò bú u. Ó ní oògùn kò burú, ara ọmọ náà kò sì burú, pé ìwọ̀n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló le jù fún un. "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti dín in kù láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mi ò lè wo ohun tí wọn ò fi hàn mí." Ó dá a padà sórí oògùn náà ní ìlàjì ìwọ̀n, ó ní wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó yan ọjọ́ tí ọmọ náà yóò máa wá jókòó bá agbaninímọ̀ràn ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ máa tọ́jú oògùn náà, kí ẹnì kan máa wà pẹ̀lú rẹ̀ títí èrò yẹn yóò fi lọ.

Kò yá lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan á dára, òmíràn á nira. Nígbà tó yá, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ebi ń pa á, ó sì ti jẹun tán kó tó rántí pé ó ti pẹ́ tí ebi ti pa òun kẹ́yìn. Àwọn olùkọ́ gbà kó tún ìdánwò àṣedánwò ṣe. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti yege, kò sì sí ẹni tó kú sí i.

Nígbà tí ìdánwò àṣejáde gan-an dé, wọ́n dé ìṣirò, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Olùṣọ́ ìdánwò, ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ le, ń bọ̀ láàárín àga. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sókè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ara mi ò balẹ̀, sà. Oògùn tí mo ń lò ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè dìde díẹ̀?"

Gbogbo orí yí sí i. Ọkùnrin náà wò ó, ó tọ́ka sí ẹ̀bá fèrèsé. Ìyá Àgbà dúró níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó padà sí ààyè rẹ̀, ó sì kọ ìṣirò rẹ̀ dé ìparí. Kò sí nǹkan kan tó wó.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ máa kí èèyàn, ẹ sì máa dáhùn kíkí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi ọ́ léèrè ara nítorí kó lè wò ọ́ sàn, kò wá kí ọ. Sọ òótọ́ fún un.