Ẹyẹ Tó Ń Wọ́ Apá Nílẹ̀

“Ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lára àbúrò rẹ. Odò ti kún.”

Ohun tí ìyá Mùyìbátù sọ nìyẹn kí ó tó gbé agbọ̀n, tó sì gba ọ̀nà oko kejì lọ wa iṣu. Mùyìbátù ní òun ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, etí rẹ̀ kò di, ṣùgbọ́n gbígbọ́ àti ṣíṣe kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ṣùkúrù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò nínú oko wọn.

Kí ọmọ náà má baà rìn lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dẹ́rù bà á. “Bí o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ nínú igbó yìí, má dáhùn. Iwin máa ń fi ohùn èèyàn pè ni. Ṣe ni kí o fara pamọ́.” Ṣùkúrù la ojú sílẹ̀, ó sì gbà.

Kò pẹ́ tí ẹyẹ kan já jáde nínú koríko. Ẹyẹ kékeré ni, irú èyí tó ń kọ́lé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń rìn ju bó ti ń fò lọ, tí ọ̀fun rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ojúọlápé, ọ̀rẹ́ Mùyìbátù nílé ìwé, máa ń sọ pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ mú irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹyẹ náà ń wọ́ apá kan nílẹ̀ bí ẹni pé ó ti kán. Mùyìbátù ní kí Ṣùkúrù jókòó jẹ́ẹ́, òun ń bọ̀ kíá.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́. Ẹyẹ sún díẹ̀. Ó tún nawọ́, ẹyẹ tún sún. Báyìí ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kọjá ebè tó gbẹ̀yìn, tí koríko sì ga ju ọmọbìnrin náà lọ. Ìgbà yẹn ni ẹyẹ na apá méjèèjì tó sì fò lọ. Kò sóhun tó ṣe é.

Nígbà tí Mùyìbátù padà dé abẹ́ máńgòrò, ẹní nìkan ló bá. Bàtà Ṣùkúrù kan wà lójú ọ̀nà odò.

Ó sáré dé etí odò, omi pupa ń ya lọ, ó ń wọ́ ẹ̀ka igi bí ẹni wọ́ ewé. Ó pe Ṣùkúrù, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kí ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀?

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bó ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú omijé, díẹ̀ ló kù kó tẹ ìtẹ́ kan mọ́lẹ̀ nínú koríko. Ọmọ ẹyẹ mẹ́ta lẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, wọn kò mira, wọn kò ké. Ó sún sẹ́yìn. Ìyá wọn fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ké láti ọ̀ọ́kán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yanu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá yé e. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ẹyẹ náà ń fà á kúrò. Bóyá Ṣùkúrù náà fara pamọ́ síbì kan, tó ń gbọ́ ìpè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó má dáhùn.

Ohùn wo ni iwin kò lè ṣe? Ó ní láti fi ohun mìíràn yàtọ̀ sí orúkọ pè é. Alaalẹ́ ni àwọn méjèèjì jọ máa ń ké kéwú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké e sókè: “Álífù, Báù, Táù...”

Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Sáù... Jíímù...” Ohùn kékeré kan dáhùn láàárín ebè iṣu. Ṣùkúrù rá jáde, ewé lórí, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tẹ̀ lé e ni, òun sì ṣìnà gba ọ̀nà odò, nígbà tí ìpè bẹ̀rẹ̀ ni òun sá pamọ́.

“Iwin pè mí títí, Àǹtí, mi ò dáhùn. Iwin ò mọ kéwú. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

Mùyìbátù gbá a mọ́ra, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ìyá wọn dé, kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ìyá kò nà án. Ó kàn jókòó sórí ẹní, ó di ọwọ́ Ṣùkúrù mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi délé. Èyí dun Mùyìbátù ju pàṣán lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mùyìbátù sọ fún Ojúọlápé pé òun rí irú ẹyẹ náà. Ojúọlápé bi í bóyá ó mú un. Mùyìbátù ní ẹyẹ ló mú òun. Ẹyẹ tí kò mọ̀wé fi ara rẹ̀ wewu nítorí ọmọ rẹ̀, òun tó mọ̀wé sì fi ọmọ tí a fi síkàáwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹyẹ. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé ohun tí a bá ní kí a ṣọ́, ojú la fi ń ṣọ́ ọ. A kì í fi ẹ̀rù ṣọ́ ọ.