Kò Sí Aláìní Nílé Wa

Ìwọ tí ìwé pẹlẹbẹ yìí wà lọ́wọ́ rẹ, bóyá ní gáréèjì ni wọ́n ti fún ọ, bóyá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ, jọ̀wọ́ má tíì fi pọ́n ẹ̀pà. Jókòó kà á. Ìtàn ọkùnrin kan ni, ọkùnrin tí kì í mutí, tí kò jalè, tí kò sì bọ òrìṣà kankan àfi ara rẹ̀.

Akínpẹ̀lú ni orúkọ rẹ̀. Pákó ló ń tà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nítorí pé mọ́gàjí ilé wọn ti darúgbó, tí kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ohun tí Akínpẹ̀lú bá sọ ni abẹ gé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ó ṣe bẹ́ǹṣì mẹ́wàá fún ìjọ, ó sì rí i dájú pé wọ́n kọ orúkọ òun sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àlàmú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́ pákó. Ní 1986 Àlàmú kú, ó fi Rúùtù ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Fèyíkẹ́mi, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ tán, àwọn àgbà ní kí Akínpẹ̀lú ṣú Rúùtù lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé. Rúùtù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Níwájú gbogbo ilé ló ti sọ ọ́, àwọn ìyàwó ilé kan sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni Akínpẹ̀lú gbé mì tí kò dà nínú rẹ̀.

Ọdún kejì, ìyà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Fèyíkẹ́mi ṣàìsàn, ara rẹ̀ sú. Nígbà tí ara wá ń yá, ojú kò yá. Ó ń ṣomi, ó ń ṣepin, ohun funfun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú. Nígbà náà, Rúùtù ti ta gbogbo aṣọ tó ṣeé tà.

Aládùúgbò kan júwe ibì kan fún un. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onítẹ̀bọmi kan dá Ẹgbẹ́ Aláàánú sílẹ̀. Wọn a máa mú aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nítorí àwọn ẹlẹ́tàn ti rẹ́ wọn jẹ rí: àgbà kan nínú agbo ilé ẹni náà gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni kò ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Simon, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ṣe wọkọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Ìdí pákó ló ti bá Akínpẹ̀lú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyá kan nílé yín, Rúùtù, wá bá wa nítorí ojú ọmọ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé kò ní olùrànlọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni wọ́n ń wá lẹ́nu rẹ̀. Akínpẹ̀lú mọ̀ pé ojú ọmọ náà ń bàjẹ́ lọ. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ìlú yóò gbọ́ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ń gba àánú kiri. Ó sì rántí ẹ̀rín ọjọ́ tí Rúùtù kọ̀ ọ́.

"Kò sí aláìní nílé wa," ló wí. "À ń tọ́jú wọn. Agbe ló wu obìnrin yẹn í ṣe. Ẹ lọ bá àwọn tí kò ní mọ̀lẹ́bí."

Simon kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì padà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Akínpẹ̀lú jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó kọrin ìyìn sókè ju gbogbo ìjọ lọ. Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ.

Rúùtù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń retí ìpè. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó pọn ọmọ, ó tọrọ owó ọkọ̀, ó lọ bá ẹgbẹ́ náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n rí ojú ọmọ náà, wọ́n mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tan iná sójú ọmọ náà, ó mirí. "Ìyá, ká ní ẹ tètè gbé e wá ni." Ojú méjèèjì ti fọ́.

Rúùtù kò padà sí Ọ̀yọ́ mọ́. Ẹgbẹ́ náà gbà á síṣẹ́ ní ilé ìdáná wọn, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn tí kò léèyàn. Nígbà tí ìròyìn kan Akínpẹ̀lú, ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ẹ ò rí nǹkan! Ó fọwọ́ ara rẹ̀ sé ilẹ̀kùn tán, ó wá di ẹ̀bi ru Ọlọ́run.

Ní 1989, ọkọ̀ tó gbé òun àti pákó rẹ̀ gbókìtì lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Pákó ya lù ú, itan rẹ̀ méjèèjì dá. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé bí aláìsàn kò bá léèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ebi ni yóò kọ́kọ́ pa á. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun kò lè fi ọjà sílẹ̀. Olúwaṣògo ọmọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Simon ń bẹ àwọn aláìsàn wò lọ́jọ́ kan, ó sì dá a mọ̀.

"Bàbá, ta ló ń tọ́jú yín níbí?"

"Mo léèyàn," ni Akínpẹ̀lú wí. Kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná.

Simon jókòó. "Bàbá, ẹni tó bá ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, kí ni Jésù fẹ́ bá a ṣe? Ẹ sọ òótọ́, ara yín nìkan ni ẹ ń tàn."

Akínpẹ̀lú kọjú sí ògiri. Simon dìde, ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un.

Rúùtù ló gbé e wá. Fèyíkẹ́mi di etí ìró rẹ̀ mú.

"Ta ni, Màámi?"

Rúùtù gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀. "Àbúrò bàbá rẹ ni. Kí wọn."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ọmọ tí a kọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tí kò sẹ́nìkan lórí rẹ̀ ló kọjú sí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló ń wí fún bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà. "Ọlọ́run á wò yín sàn."

Akínpẹ̀lú ké. Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú wò ó. "Èmi ni mo fọ́ ọ lójú! Rúùtù, èmi ni!"

"Mo mọ̀," ni Rúùtù wí. "Wọ́n ka ọ̀rọ̀ yín fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín, torí Jésù ló ní kí n ṣe é. Bó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní ṣe é. Ẹ jẹun, kó má tutù."

Oúnjẹ náà tutù. Nígbà tí Simon padà dé, Akínpẹ̀lú kò mẹ́nu kan bẹ́ǹṣì mẹ́wàá. Ó gbàdúrà pé, "Olúwa, ìkà ni mí. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi sanwó ojú yẹn. Jésù, ṣàánú mi." Ọlọ́run sì gbọ́ tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ̀ tó ta sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Akínpẹ̀lú ti rí ìdáríjì, ọkàn rẹ̀ ti di tuntun. Ó ń fi igi tilẹ̀ wọ agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá àwọn tí ìdílé ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú, kó lè jẹ́rìí fún wọn. Ṣùgbọ́n Fèyíkẹ́mi kò ríran.

Ìwọ ńkọ́? Ta lo mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ wà, tí o kò júwe fún un? Ọ̀rọ̀ wo ni o fi ìbínú há sẹ́nu? Má wí pé ó di ọ̀la. Lọ́dọ̀ Jésù, kò tíì pẹ́ jù fún ọ. Ẹni tí o ṣẹ̀ ni ọ̀la lè pẹ́ jù fún. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, jẹ́wọ́ fún Jésù, kí o fi ayé rẹ fún un. Lẹ́yìn náà dìde, má jókòó mọ́, lọ sọ ọ̀rọ̀ tí o há sẹ́nu, nítorí ojú ọmọ kan ṣì wà níbì kan tó ń ríran díẹ̀ lónìí.