Yáàdì Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ṣèyítán bi Kíkẹ́ ni pé, "Ibi tí ẹ fẹ́ máa yìn ín sí, báwo ló ṣe jìnnà tó?"

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní ilé kan ní Tucker, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yínyìn. Òyìnbó tó wà ní káńtà ló ka orúkọ Kíkẹ́ lára ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, tó sì pe Ṣèyítán pé ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ dé. Ṣèyítán jáde láti ẹ̀yìn, ọkùnrin gíga kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ AC ló ń tún ṣe kiri. Sátidé nìkan ló máa ń wá kọ́ àwọn ènìyàn níbẹ̀, torí ó ti ṣe sójà Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́fà.

Kíkẹ́ gbé ìbọn rẹ̀ sórí tábìlì. Carbine ni wọ́n ń pè é, ìbọn tí wọ́n ń fi ìdí rẹ̀ ti èjìká, àmọ́ tó jẹ́ ọta kékeré ti ìbọn ìléwọ́ ló ń lò. Dígí kan wà lórí rẹ̀, àmì pupa sì wà nínú dígí náà tí ojú fi ń wo ibi tí ọta máa bà.

"Mo fẹ́ kí ẹ bá mi to ojú ẹ̀, kí ọta lè ba ibi tí mo bá wò," ni Kíkẹ́ wí. "Yáàdì méje."

"Kí ló wà ní yáàdì méje?"

"Láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ni. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìwọ̀n bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣèyítán ò rẹ́rìn-ín. Ó rí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Kíkẹ́, àpá iṣẹ́ abẹ gba orí rẹ̀ kọjá. Ó wá yé e ìdí tí kò fi ra ìbọn ìléwọ́: ọwọ́ yẹn ò ní lè mú un dúró.

"Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni."

Adélékè lorúkọ ọkùnrin náà. Òun ló ń darí àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Kíkẹ́ àti ìyá rẹ̀ ń lọ ní Morrow. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n ṣègbéyàwó, ó lọ́ ọwọ́ Kíkẹ́ títí egungun fi dá, torí pé ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ Kíkẹ́ pè é lórí fóònù. Kíkẹ́ dá òrùka padà. Láti ìgbà náà ni mọ́tò dúdú Adélékè ti ń dúró sí òdìkejì ilé wọn. Kì í sọ̀rọ̀, kì í sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn máa ń jókòó síbẹ̀, á máa wo fèrèsé.

Pásítọ̀ Dáramọ́lá ní kí wọ́n má pe police. Ìyá Kíkẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwé ìgbélùú Adélékè ò tíì jáde, Kíkẹ́. Tí police bá mú un, wọ́n á dá a padà sílé. Ṣé ìwọ lo fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni Kíkẹ́ ṣe fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọsibítù, tó wá ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti inú yàrá rẹ̀. Kò lọ sí mall mọ́, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọ̀sán Sátidé nìkan, tí Adélékè bá wà níbi ìdánrawò akọrin, ló máa ń ráyè jáde fún wákàtí méjì.

Ṣèyítán gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ kan ìbọn náà.

"Ẹ wò ó," ó ní, "dígí yìí fi bí ìka mẹ́ta ga ju ẹnu ìbọn lọ. Ìsàlẹ̀ ni ọta ti ń gòkè wá pàdé ibi tí ojú yín ń wò. Tí a bá jẹ́ kí wọ́n pàdé ní yáàdì méje, ọta á ṣì máa gòkè lọ ni. Tó bá fi máa dé yáàdì àádọ́ta, á ti fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ibi tí ẹ wò. Ó lè ba ẹni tí kò ṣẹ̀ yín."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe ní yáàdì àádọ́ta. Mi ò kì í débẹ̀ mọ́."

"Àwọn kan máa ń yan àádọ́ta. Tiyín, ẹ jẹ́ ká yan mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, ọta á fi ìka méjì bọ́ sísàlẹ̀ àmì pupa, ẹ ṣáà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jáde síta, kò ní dà yín."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ jáde?"

"Ẹni tó wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ti sú u."

Kíkẹ́ ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wọlé lọ yìn ín. Ṣèyítán dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé mo lè fọwọ́ gbé ìgúnpá yín sókè díẹ̀?" Kíkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin kan ti bi í léèrè kó tó fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ ọkàn Kíkẹ́.

Ní Sátidé kẹta, wọn kì í pe ara wọn ní "ẹ" mọ́. Ní ìkẹrin, Ṣèyítán ra ẹ̀pà sísè wá, wọ́n jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán láìyọ ìbọn kankan jáde.

"Kíkẹ́ mi," ó ní, "jẹ́ kí n wá kí Mummy."

Ó wá lóòótọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ìyá Kíkẹ́ ò fi omi lọ̀ ọ́. Bó ṣe jáde ni ìyá bẹ̀rẹ̀.

"Wàhálà ọkùnrin kan là ń sá fún, o wá lọ mú oníbọn wálé. Adélékè ṣe àṣìṣe ni. Ó ti sunkún níwájú Pásítọ̀. Tèmi ò sí nínú ti sójà yìí, kó má dé ibí mọ́."

Ní ọjọ́ kejì, Adélékè fi àwòrán mọ́tò Ṣèyítán ránṣẹ́ sórí fóònù Kíkẹ́. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Kíkẹ́ pe Ṣèyítán. "Jọ̀ọ́, má wá mọ́. Mi ò fẹ́ kó ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Kíkẹ́. Mi ò ní fipá wọ ilé yín. Àmọ́ ìbọn tí mo bá ẹ tò yẹn ò lè mú ẹ jáde nínú ilé yẹn. Kóòtù ló lè fún ẹ níwèé tí á lé e jìnnà sí ẹ. Mo lè tẹ̀lé ẹ lọ."

"Mummy ò ní dárí jì mí."

"Ìwọ ń kọ́?"

Kíkẹ́ pa fóònù. Sátidé tó tẹ̀lé e, kò jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ló wà. Ó ń ṣe é bíi pé òrùlé ilé ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sán Wẹsidé kan, ó ń bá aláìsàn kan sọ̀rọ̀, headset wà létí rẹ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ní pálọ̀. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ kí n pè é fún ẹ." Adélékè ló wọlé. Ó ní ẹ̀bẹ̀ lòun wá bẹ̀, ìyá sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Adélékè ò jókòó. Kíkẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ pé, "Adélékè, dúró, mo ní kí o dúró," lẹ́yìn náà ó gbọ́ igbe. Ó gbé ìbọn, ó ṣí yàrá.

Adélékè ti fi apá kan fún ìyá náà lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ó sì gbé e síwájú ara rẹ̀. "Jáde ká lọ sílé mi, tàbí kí n pa á," ó ní.

Kíkẹ́ gbé àmì pupa lé ọrùn Adélékè. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ní ìwọ̀n ìka méjì, ni fìlà ìyá rẹ̀ wà. Ó gbé e sókè sí iwájú orí ọkùnrin náà, àmọ́ ọkùnrin náà ń mì, ìyá ń jà, orí méjèèjì ò dúró lójú kan. Kíkẹ́ mọ ibi tí ọta yẹn máa bà. Ó yọ ìka rẹ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n fi ń yìn ín, ó sì yí ẹnu ìbọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó wá rántí pé aláìsàn náà ṣì wà lórí ìlà. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pe police, ó ka nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà fún un, ó ka orúkọ Adélékè pẹ̀lú. Obìnrin tó wà lórí ìlà ní òun ti ń pè wọ́n.

Bí Adélékè ṣe gbọ́ tí Kíkẹ́ dárúkọ òun, ó jẹ́ kí ìyá ṣubú, ó sì sá jáde. Kò tíì dé ọ̀nà ńlá tí wọ́n fi mú un.

Ìyá Kíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí tí àwọn police fi lọ. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn," ó ní.

"Mo mọ̀, Mummy."

"Kì í ṣe tòní nìkan. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ni mo ti ń ṣí i fún un."

Kíkẹ́ jókòó tì í. Kò sọ pé kò burú, torí pé ó burú. Ó kàn di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Àwọn méjèèjì ló jọ lọ sí kóòtù lọ gba ìwé tí á lé Adélékè jìnnà. Nígbà tí Pásítọ̀ Dáramọ́lá pè pé kí wọ́n gba ẹjọ́ náà padà, ìyá ló gbé fóònù. "Ẹ bá wa gbàdúrà, Pásítọ̀. Àmọ́ mo rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. A ò ní gba ẹjọ́ náà padà."

Mọ́tò dúdú ò sí níta mọ́, síbẹ̀ Kíkẹ́ ò lè dá jáde. Á dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀. Ojú ń tì í láti pe Ṣèyítán. Nígbà tó di oṣù kejì, ìyá rẹ̀ wá nọ́ńbà Ṣèyítán fúnra rẹ̀, ó sì pè é.

"Ṣèyítán, ìyá Kíkẹ́ ni. Mo lé ẹ nílé mi, mo sì ṣàṣìṣe. Jọ̀ọ́, wá wò ó."

Ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kíkẹ́ dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, mi ò fìgbà kan dáwọ́ ẹ̀ dúró. Mo kàn ń dúró dè ẹ́ ni."

Ó tó ọdún kan kí Kíkẹ́ tó padà sí wọ́ọ̀dù ọsibítù, ó sì tó oṣù mẹ́rin sí i kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ní oṣù January, nínú àgbàlá ilé àbúrò ìyá Ṣèyítán ní Fayetteville. Àwọn tó wá ò ju ogún lọ. Òtútù mú tóbẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn fi sáré wọlé lọ jẹun bí àdúrà ṣe parí.

"Ẹ máa wọlé lọ," ni Kíkẹ́ wí. "Mò ń bọ̀."

Ṣèyítán bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bò ó léjìká, ó sì dúró tì í. Ìta ló wu Kíkẹ́ láti wà. Ìgbà kẹta tí ìyá pè wọ́n ni wọ́n tó wọlé.