Ọkùnrin Tí Kò Gbé Tìmùtìmù Wá

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ọkùnrin náà kò gbé tìmùtìmù wá. Ní ìlú Hollenrode tiwa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé èèyàn kì í lọ síbi orin láìgbé tìmùtìmù dání. Inú kòtò ńlá tí àwọn bàbá ńlá wa ti wa òkúta ni gbàgede orin wa wà, òkúta náà la sì fi ṣe ìjókòó, ìlà lórí ìlà títí dé ẹsẹ̀ igbó. Oòrùn lè pa ọ́ látàárọ̀ níbẹ̀, òtútù òkúta yẹn kò ní tìtorí ẹ̀ fi ìdí rẹ sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kò gbé tìmùtìmù, kò gbé kúbùsù, kò gbé agbọ̀n oúnjẹ. Ẹ̀wù òjò aláwọ̀ eérú ló wọ̀, ó sì di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn nínú ooru oṣù kẹfà.

Ó dúró ti ìlà wa, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí yìí ṣófo?"

Àárín èmi àti Volkmar àbúrò mi ló ń nawọ́ sí. Kúbùsù aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tí a tẹ́ dáadáa. Irmela, ìyàwó Volkmar, ló ni ín, Irmela sì ti kú láti ọdún tó kọjá.

"Rárá o, ìyàwó mi ń bọ̀," ni Volkmar dá a lóhùn, bó ṣe ń dá gbogbo ẹni tó bá bèèrè lóhùn. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó kọjá.

Ìjókòó wa kò ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá tètè dé ló ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀, aṣọ náà sì dà bí ẹni tó ni ín: kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án, ì báà ṣe olórí ìlú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa tẹ́ aṣọ de òkú, ìyẹn kò bójú mu, èmi Wiebke sì rèé, mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Bí àwọn tó jókòó lẹ́yìn wa bá ń kùn, màá ní àbúrò mi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, kí wọ́n fi ẹnu wọn jẹ sọ́séèjì. Tí a bá délé ni mo máa ń sọ fún Volkmar pé ó yẹ kó jẹ́ kí Irmela máa lọ. Pásítọ̀ wa náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin ẹlẹ́wù òjò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Baba Tetzlaff, tó ti ń ṣe búrẹ́dì fún ìlú wa kó tó fẹ̀yìn tì, tó jókòó níwájú wa lápá ìsàlẹ̀. Ó bi í ní ohun kan náà.

"Ẹ jókòó jàre, òkúta ò wọ́n níbí," ni Baba wí. "Àmọ́ tí ìdí yín bá dì, ẹ má pè mí o. Ààrò tèmi ti kú."

A rẹ́rìn-ín. Àwọn olórin bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ń tutù bọ̀, kantíkantí sì jáde látinú igbó bíi ti gbogbo ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń rà bàbà lórí gbogbo wa, wọ́n ń jẹ wá lọ́rùn. Orí ọkùnrin náà nìkan ni wọn kò dé. Nígbà tí orin dá dúró fún ìsinmi, mo rí i pé wọ́n ti kúrò lórí Baba Tetzlaff náà. Ó fa kọ́là rẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́ ra èjìká rẹ̀ bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a lórí àga, ó ti kú, bàtà onígi rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀. Àgbà ni, a ní ó sinmi dáadáa.

Ní oṣù keje, òjò rọ̀ lé orin lórí. A kì í ṣí agboorùn níbẹ̀ nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn, aṣọ ọ̀rá la dà bora, a jókòó síbẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa. Ọkùnrin náà tún dé. Ó bèèrè, Volkmar sì fún un ní èsì àtẹ̀yìnwá. Lọ́tẹ̀ yìí kò tètè lọ. Ó ń wo kúbùsù náà, èmi sì ń wo ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbẹ. Omi ń ṣàn ní imú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀wù yẹn gbẹ táútáú.

"Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Yóò dé," ni Volkmar wí.

Ó dúpẹ́, ó gòkè lọ síhà igbó. Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi Volkmar bóyá ó mọ ọkùnrin náà rí. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lójú: òun lọ ra wáìnì níbi orin tó kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, èyí tí mi ò bá wọn lọ, nígbà tí òun fi máa padà, ọkùnrin náà ti jókòó ti Irmela. Irmela ní ó fi ọ̀wọ̀ bèèrè, òun kò sì lè purọ́ fún un. Volkmar ń wakọ̀, kò wojú mi. Ó ní títí orin fi parí ni Irmela ń sọ pé òtútù ń mú òun léjìká, Volkmar wá bọ́ kóòtù tirẹ̀ fún un, síbẹ̀ ara Irmela kò móoru.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì orin yẹn ni Irmela kú. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, àwọn òbí wa ti lọ. Volkmar nìkan ni mo ní láyé yìí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹjọ ni orin àṣekágbá. Mo ní orúnkún ń dùn mí, kí a má lọ. Ó ní òun á dá lọ nìyẹn. Ni mo bá bá a lọ. Ó ti fárùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ṣe sàláàdì pòtétò fúnra rẹ̀. Nígbà tí a dé ìlà wa, ó gbé tìmùtìmù rẹ̀ kalẹ̀, mo gbé tèmi, àárín wa sì wà ní òkúta lásán.

Mo bèèrè kúbùsù. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́, òun ti ká a sínú àpótí. "Ó tó gẹ́ẹ́, Wiebke. Ẹni tó bá bèèrè, kó jókòó. Ṣebí ìwọ náà lo ti ń sọ ọ́?"

Èmi ni mo ń sọ ọ́ lóòótọ́. Mo wá rò ó fún un, gbogbo rẹ̀ pátá: Baba Tetzlaff, kantíkantí, ẹ̀wù tó gbẹ nínú òjò, Irmela. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì di ọwọ́ mi mú bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi, ibi tí òun ti ń bọ̀ ni mo ń lọ. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, mo tẹ́ ẹ sí àárín wa. Ó gbé e, ó fi lé mi lórí itan.

Gbàgede ti kún. Àwọn ọ̀dọ́ dúró lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó wá bèèrè. Mo rí ọkùnrin ẹlẹ́wù òjò náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó kọjá lára gbogbo èèyàn láìfara kan ẹnikẹ́ni, tààrà sọ́dọ̀ wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí yìí ṣófo?"

Volkmar ti ya ẹnu láti dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo sún kíá bọ́ sí àárín, mo fara ti àbúrò mi.

"Kò sí àyè," ni mo wí. "Èmi ni mo jókòó síbí."

Kò bá mi jiyàn. Ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti wọ́ tìmùtìmù mi tẹ̀ lé ara mi. Ta ni ọmọ Hollenrode tó máa sún tí kò ní wọ́ tìmùtìmù rẹ̀? Ọwọ́ mi ló ṣe é, mi ò rán an. Òkúta ibi tí mo ti dìde wà níhòòhò.

"Ṣé ibẹ̀ yẹn wá ṣófo?"

Mo lè purọ́. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ojú ti ń ti Volkmar nítorí mi, ó ti gbé agbọ̀n oúnjẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ẹ bọ́ sápá ọ̀dọ̀ mi níbí, àyè..."

"Ó ṣófo," ni mo wí kíákíá. "Ọ̀dọ̀ mi ló ṣófo. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Mo ti rò pé yóò máa rùn, kò rùn rárá. Àwọn afunfèrè bẹ̀rẹ̀, akọrin gbè é, ohùn wọn ń ta lára ògiri òkúta padà sọ́dọ̀ wa. Volkmar ń bá wọn kọ ọ́. Ó jẹ sàláàdì, ó bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ kan lẹ́yìn wa ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọdún kan. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò bojú wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Kantíkantí kankan kò jẹ mí. Nígbà tí gbogbo èèyàn dìde láti pàtẹ́wọ́, èjìká mi òsì ti kú tipiri fún òtútù, ẹ̀gbẹ́ mi sì ti ṣófo.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú báyìí. Súwẹ́tà méjì ló wà lọ́rùn mi, mo ti mu tíì gbígbóná, òtútù náà kò lọ. Volkmar ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti ilé tirẹ̀ ni, ó ní òun á mú kéèkì eléso wá láàárọ̀ ọ̀la kí a jọ mu kọfí. Mo ní kó wá, mo ní inú mi dùn, òótọ́ sì ni. Mo ti fọ ife méjèèjì, mo ti tò wọ́n sórí tábìlì. Mi ò ti ilẹ̀kùn, kó má baà ní láti já a.