Korobá Méje Láti Inú Táǹkì

Òótọ́ ni mo pàtẹ síbí. Ẹni tí kò bá wù, kó má rà á.

Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fi pòròpórò àgbàdo ṣe epo ọkọ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á dà á sínú táǹkì kó kan, bí ẹní ń pọn ọtí. Bí wọ́n bá fa omi rẹ̀ tán, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á kù nísàlẹ̀. Ènìyàn ló ń wọlé lọ kó o.

Obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń ṣe é. Àbúrò á wọ inú táǹkì, á bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí korobá. Ẹ̀gbọ́n á dúró lórí pẹpẹ irin lókè, á di okùn mú. Ìbòmú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Bí okùn bá mì lẹ́ẹ̀mejì, korobá ti kún nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀sán gangan, Ẹ̀gbọ́n rí sálúbàtà àbúrò rẹ̀ nídìí àkàsọ̀.

"Ọ̀lẹ yìí mà tètè wọlé lónìí."

Ó gòkè. Inú táǹkì ṣókùnkùn. Ó sọ korobá sílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀.

Okùn mì lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fà á. Ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ó so òmíràn. Ìkejì. Ìkẹta. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà tutù bí omi kànga.

"Ta ló fún ọ lágbára lónìí?"

Ṣọ́bìrì nìkan ló ń dún. Ṣà. Ṣà. Ṣà. Kò sinmi. Àbúrò rẹ̀ kì í bu méjì kó má sinmi.

Lẹ́yìn ìkeje, ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ọ̀gá wọn sáré gun àkàsọ̀ wá. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé o! Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táǹkì ti jó láti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ burúkú ló kún ibẹ̀."

"Àbúrò mi wà níbẹ̀!"

Ọ̀gá so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán afẹ́fẹ́ wò mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà figbe ta. Ojú ọ̀gá yí padà. "Ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn á mí níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan wọnú táǹkì. Ọ̀gá di ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ṣé kó di òkú méjì ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ọmọ ìyá mi ni!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń jà sí lókè yẹn?"

Àbúrò ló dúró nídìí àkàsọ̀, láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ wú. Ó ní òun ti bọ́ sálúbàtà tán kí òun tó rí i pé onísítọ́ọ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Bàtà òjò àti ṣọ́bìrì wà nínú sítọ́ọ̀. Òun jókòó dè é, oorun sì gbé òun lọ.

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó gbá a létí. Ó wá dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Ọ̀lẹ! Ọlọ́run ò ní gba ọ̀lẹ lọ́wọ́ rẹ!"

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi nínú."

Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá tan iná wo inú táǹkì. Kò sí ènìyàn. Kò sí ṣọ́bìrì. Wọ́n ti ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó wo korobá méje tó tò sórí pẹpẹ.

"Ta wá ló bù wọ́n?"



Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá báni ṣiṣẹ́, kíkí là ń kí i. Ó padà gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu táǹkì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó yára sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.